A Kì Í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Ọmọ Àkàndá Tó Fẹ́ Jáde Sẹ́kọ́ńdírì

Òwe yìí ò le rárá, ọmọdé pàápàá mọ ìtumọ̀ ẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ fárí èèyàn, olúwa ẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó síbẹ̀, kó tẹ orí sílẹ̀, kó lè sọ pé ẹ rọra o, ibí yìí ń ta mí, ẹ má fá iwájú yẹn tán. Tí olórí ò bá sí níbẹ̀, kí ni abẹ fẹ́ fá? Síbẹ̀, ojoojúmọ́ la ń fárí àwọn ọmọ wa tó jẹ́ àkàndá ẹ̀dá lẹ́yìn wọn, pàápàá nígbà tí wọ́n bá fẹ́ jáde sẹ́kọ́ńdírì, ìgbà tó yẹ kí wọ́n máa sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fayé wọn ṣe gan-an, ìgbà yẹn làwa àgbà máa ń tilẹ̀kùn mọ́rí tí a ó máa bára wa sọ ọ́.

Mo jókòó sírú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin ọdún 17 kan la torí ẹ̀ jókòó, orí wíìlìṣíà ló wà, ọ̀rọ̀ sì máa ń pẹ́ kó tó jáde lẹ́nu ẹ̀, ẹni tó bá ní sùúrù á gbọ́ ọ, ẹni tí ò bá ní á ti bọ́ sọ́rọ̀ míì. Òun náà wà níbẹ̀ o, wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Tíṣà sọ̀rọ̀, ìyá ẹ̀ sọ̀rọ̀, bàbá ẹ̀ sọ̀rọ̀, èmi náà sọ tèmi, gbogbo ẹ̀ ò ju pé ó fẹ́ràn báyìí, kò lè ṣe báyìí, ibi báyìí ló máa dáa fún un. Ó tó wákàtí kan. Ìgbà tí a ti ń kó ìwé wa jọ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lanu, ó pẹ́ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí tó jáde tán: "Ẹ ò bi mí."

Ojú tì mí. Ó ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí, torí èmi náà wà lára àwọn tó mú abẹ dání. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé "lẹ́yìn" tó wà nínú òwe yẹn ju pé olórí ò sí nílé lọ, èèyàn lè jókòó síwájú yín báyìí kẹ́ ẹ sì fárí ẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí àsìkò yìí fi le tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọmọ ṣì wà nílé ìwé, nǹkan ló ń wá bá a. Tíṣà mọ̀ ọ́n, wọ́n ti mọ̀ pé iwájú ló yẹ kó jókòó, wọ́n mọ̀ pé ó nílò àkókò díẹ̀ sí i tó bá ń ṣèdánwò, ẹni tó ń bá a nára mọ ọjọ́ tó máa wá. Ọjọ́ tó bá gbàwé ẹ̀rí, gbogbo ẹ̀ lè dúró lójijì, látọjọ́ yẹn òun ló máa máa wá nǹkan lọ, ọ́fíìsì tibí, fọ́ọ̀mù tọ̀hún, káwọn kan sì tún wá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó tọ́ sí i tàbí kò tọ́ sí i. Ẹ wo Amẹ́ríkà, láti 1975 ni wọ́n ti ní òfin pé ilé ìwé ìjọba gbọ́dọ̀ kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí kó sì fún wọn ní ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n nílò, àmọ́ ẹ̀tọ́ yẹn máa ń parí tí ọmọ bá ti gbàwé ẹ̀rí sẹ́kọ́ńdírì gidi tàbí tọ́jọ́ orí ẹ̀ bá ti kọjá ibi tí òfin dé. Tó bá wọ yunifásítì, kò sẹ́ni tó máa wá a kiri pé ṣé o ò gbọ́ran dáadáa ni, òun fúnra ẹ̀ ló máa wọ ọ́fíìsì tó ń bójú tó o, á mú ìwé dókítà dání, á ní ohun tí mo nílò nìyí. Ọmọ tẹ́nikẹ́ni ò bi léèrè ohun tó fẹ́ rí látọdún yìí wá, ibo ló fẹ́ ti kọ́ ọ?

Inú òfin yẹn kan náà ni wọ́n ti sọ ohun tí àwọn baba wa ti fi òwe sọ. Ó ní kó tó di pé ọmọ pé ọdún 16, ètò ohun tó máa ṣe lẹ́yìn ilé ìwé gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìwé tí wọ́n kọ ètò ẹ̀kọ́ àti ìrànlọ́wọ́ ẹ̀ sí, ìpàdé èyíkéyìí tí wọ́n bá sì ti máa sọ̀rọ̀ yẹn, dandan ni kí wọ́n pe ọmọ náà sí i. Ní England, láti nǹkan bí ọdún 13 sí 14 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀, ètò náà sì lè bá ẹlòmíì dé ọdún 25. Àdéhùn tí United Nations fọwọ́ sí ní 2006 lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá náà ò fi sábẹ́ ahọ́n sọ, abala 19 ní ẹ̀tọ́ wọn ni láti yan ibi tí wọ́n máa gbé àti ẹni tí wọ́n máa bá gbé, abala 27 sì fún wọn lẹ́tọ̀ọ́ sí iṣẹ́ tí wọ́n fúnra wọn yàn. Àmọ́ kí wọ́n pe ọmọ síbi ìpàdé àti kí wọ́n gbọ́ tẹnu ẹ̀, méjì ni, ẹ ti rí i nínú ìtàn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Mo fẹ́ràn ìtàn Ed Roberts. Ọmọ California ni, ọdún 14 ló wà ní 1953 tí àìsàn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú un, ó rọ ọ́ láti ọrùn dé ẹsẹ̀, inú ẹ̀rọ irin ńlá kan tó ń bá a mí ló ń sùn lálẹ́. Orí fóònù ló ti ń gbọ́ ẹ̀kọ́ nílé kí ìyá ẹ̀ tó ní àfi kó jáde, kó máa lọ síléèwé fúnra ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, káwọn èèyàn rí i, kóun náà rí wọn. Nígbà tó máa jáde sẹ́kọ́ńdírì, wọ́n ní àwọn ò ní fún un níwèé ẹ̀rí torí pé kò ṣe eré ìdárayá, kò sì kọ́ mọ́tò wíwà. Ẹni tí ò lè gbọ́wọ́! Ìyá ẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, ó bá wọn fà á títí wọ́n fi fún un. Ó tún kan ọ́fíìsì ìjọba tó ń ran irú wọn lọ́wọ́ láti ríṣẹ́, ẹni tó gbà á lálejò níbẹ̀ sọ pé àìlera ẹ̀ ti pọ̀ jù, kò lè ṣiṣẹ́ láéláé, wọn ò ní sanwó ilé ìwé ẹ̀, òun náà bá wọn jà á, wọ́n sì yí i padà. Ní 1962 ó wọ yunifásítì Berkeley, ọsibítù inú ọgbà ló ń gbé torí kò sí hósítẹ̀ẹ̀lì tó lè gba ẹ̀rọ ẹ̀. Ọdún 1972 lòun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Berkeley, níbi tó jẹ́ pé àwọn àkàndá ẹ̀dá fúnra wọn ló ń darí ẹ̀, tí wọ́n sì ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti máa gbé láwùjọ. Nígbà tó yá, ọ́fíìsì tó ní kò lè ṣiṣẹ́ yẹn, òun ni gómìnà fi ṣe ọ̀gá pátápátá níbẹ̀. Ohun tó wú mi lórí jù lọ ni ìyá yẹn, ó jà fọ́mọ ẹ̀ bí ẹkùn àmọ́ kò jókòó sórí àga ọmọ.

Òwe kejì tí mo fẹ́ mú wá ni pé ọ̀nà kan ò wọjà. Àwọn òbí míì, yunifásítì nìkan lojú wọn rí, tí ọmọ ò bá ti lè dé ibẹ̀ ó parí nìyẹn, kó jókòó sílé. Ó dùn mí tí mo bá gbọ́ ọ. Ọsibítù ọmọdé kan wà ní Cincinnati tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1996 tí wọ́n ń pè ní Project SEARCH, ó ti dé ọ̀pọ̀ ibi báyìí. Ọmọ tó ní ìpèníjà ọpọlọ, lọ́dún tó gbẹ̀yìn ẹ̀ ní sẹ́kọ́ńdírì, ibi iṣẹ́ gidi lá máa lọ lójoojúmọ́, á ṣe apá iṣẹ́ kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á bọ́ sí òmíì, tíṣà ẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀. Tẹ́lẹ̀ rí, wọ́n á ní ká kọ́kọ́ kọ́ ọ níṣẹ́ dìgbà tó bá mọ̀ ọ́n tán, ìgbà yẹn ò sì ní dé láé. Àwọn tó mọṣẹ́ yìí ti rí i pé ó sàn kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, kẹ́nì kan dúró tì í níbẹ̀, kí ẹni náà máa fà sẹ́yìn bọ́wọ́ ọmọ ṣe ń mọ iṣẹ́. Àwọn tó ń ṣèwádìí náà ti rí i léraléra pé ọmọ tó bá ti ṣiṣẹ́ tí wọ́n sanwó fún un nígbà tó ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdírì, bó tilẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀, òun ló sábà máa ń ríṣẹ́ ju ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ lẹ́yìn ilé ìwé.

Nílé ńkọ́? Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ jẹ́ kó mọ orúkọ oògùn tó ń lò àti ìdí tó fi ń lò ó, kó jẹ́ òun ló máa kọ́kọ́ dá dókítà lóhùn kẹ́yin tó fi tiyín kún un, torí dókítà ọmọdé ò ní máa wò ó títí ayé, dókítà àgbàlagbà ò sì ní bi yín. Kó wọ bọ́ọ̀sì pẹ̀lú yín, kẹ́ ẹ wá jókòó sẹ́yìn, lọ́jọ́ míì kẹ́ ẹ dúró dè é níbi tó máa bọ́ọ́lẹ̀. Kó gbówó, kó ná an, kó ná an nínàkúnàá lẹ́ẹ̀kan kójú sì tì í, gbogbo wa la ṣe bẹ́ẹ̀. Kó mọ̀ ọ́n sọ pé rárá, ẹ jọ̀ọ́, èyí ṣe pàtàkì gan-an, torí ọmọ tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé kó máa gbà káwọn ẹlòmíì gbé òun, bọ́ṣọ fóun, wẹ̀ fóun láìbéèrè, á ṣòro fún un láti mọ ìgbà téèyàn búburú fọwọ́ kàn án.

Mo mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù ẹ̀yin òbí. Ta ló máa tọ́jú ẹ̀ tí mi ò bá sí mọ́? Ìbéèrè yẹn kì í jẹ́ kí ìyá sùn, mi ò sì ní fojú kékeré wò ó láéláé. Ẹ̀rù yìí náà ló ń lé àwọn kan lọ sí kọ́ọ̀tù tí ọmọ bá ti pé 18, kí wọ́n lè gba gbogbo àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀, tówó, tilé, tara ẹ̀ pàápàá. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n máa nílò ọwọ́ ẹlòmíì títí ayé, òótọ́ ni. Àmọ́ ká tó gbàṣẹ lọ́wọ́ èèyàn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbìyànjú èyí tó fúyẹ́: kó yan ẹni méjì mẹ́ta tó fọkàn tán, kí wọ́n máa bá a ka ìwé, kí wọ́n la ọ̀rọ̀ yé e lédè tó rọrùn, kó wá mú èyí tó fẹ́. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Èmi fúnra mi tí mo bá fẹ́ gba ilé, mo máa ń bi ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ lọ́yà kí n tó fọwọ́ síwèé, kò sẹ́ni tó torí ẹ̀ sọ pé kí wọ́n gba gègé lọ́wọ́ mi.

Èyí tí ò sọ̀rọ̀ rárá ńkọ́? Ẹ fi fọ́tò méjì síwájú ẹ̀, ẹ wo ibi tójú ẹ̀ lọ. Ẹ wo ibi tó ti máa ń rẹ́rìn-ín àti ibi tínú ẹ̀ kì í ti í dùn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ bi ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ẹ̀ torí wọ́n máa ń mọ nǹkan tí òbí ò mọ̀. Ẹ̀rọ wà báyìí tó máa bá a sọ ọ́ tó bá tẹ àwòrán, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kó bá a jáde sẹ́kọ́ńdírì, torí mo ti rí ibi tó jẹ́ pé ilé ìwé ló ni ẹ̀rọ yẹn, ọjọ́ tí ọmọ jáde ni wọ́n gbà á padà, wọ́n gba ohùn lọ́wọ́ ọmọ!

Ọmọkùnrin ọjọ́sí yẹn, a tún pàdé lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Lọ́tẹ̀ yìí, òun ló pe ìpàdé, tíṣà ẹ̀ kan ti jókòó tì í lọ́pọ̀ ọjọ́ láti bá a to ohun tó fẹ́ sọ sínú fóònù, a sì ti fẹnu kò pé kò sẹ́ni tó máa já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹ̀, bó ti wù kó pẹ́ tó. Gbogbo wa ti ń rò pé iṣẹ́ ló máa kọ́kọ́ sọ, tàbí ilé ìwé. Fọ́tò ló kọ́kọ́ fi hàn wá, ó yí fóònù sọ́dọ̀ ìyá ẹ̀, ìyá ẹ̀ wò ó títí, ó gbé e fún mi. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn ilé.