Ẹnu Lọ̀nà Ọ̀fun: Kí VA Tọ́jú Eyín Àwọn Ológun Tó Fara Gbọgbẹ́

Lásìkò ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, láàrin ọdún 1861 sí 1865, ẹni tí kò ní eyín iwájú kò wúlò fún iṣẹ́ oníbọn. Inú bébà ni wọ́n ń di ẹ̀tù àti ọta sí nígbà náà, eyín ni ọmọ ogun sì fi ń já bébà ọ̀hún kó tó rọ ẹ̀tù sínú ìbọn. Ìbọn ti yí padà, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá ológun kò fi ọ̀rọ̀ eyín ṣeré títí di òní. Ọdọọdún ni wọ́n ń yẹ ẹnu ọmọ ogun wò. Ẹni tí eyín rẹ̀ bá lè dá wàhálà sílẹ̀ láàrin oṣù 12, ìsọ̀rí kẹta ni wọ́n ń fi sí, wọn kì í sì í sábà gbé e lọ sójú ogun àfi tí wọ́n bá tún eyín náà ṣe. Ìjọba ló ń sanwó rẹ̀.

Ọmọ ogun yìí kan náà ni yóò lọ, tí yóò fara gbọgbẹ́, tí yóò padà wálé, tí wọn yóò wá sọ fún un pé eyín rẹ̀ ti di bùkátà tirẹ̀. Lójú tiwa, ìwà àbòsí ni.

Ẹ jẹ́ ká wo òfin náà. VA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì, máa ń fi òǹkà díwọ̀n ìpalára tí iṣẹ́ ogun fà, láti orí òdo dé 100, ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Ẹni tó bá gba 100 ń rí ìtọ́jú eyín kíkún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí wọ́n gbà pé ìpalára rẹ̀ kò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ mọ́, ẹni tí ọ̀tá mú lẹ́rú rí, àti ẹni tí ọgbẹ́ ogun ba eyín tàbí egungun àgbọ̀n rẹ̀ jẹ́. Ìwọ̀nba àwọn mìíràn wà, kálukú pẹ̀lú àkámọ́ tirẹ̀. Ẹni tó gba 90 ńkọ́? Bí kò bá sí lára àwọn wọ̀nyí, òfo ni.

Ẹ má sì rò pé láti 90 dé 100 kò jìnnà. VA kì í ro ìpalára pọ̀ bí ìyá ọlọ́jà ṣe ń ro owó. Wọ́n ní ẹni tó ti gba 90, ohun tó kù tó dá ṣáṣá lára rẹ̀ kò ju 10 lọ, inú 10 yẹn ni wọn yóò ti ṣírò àìsàn tuntun. Bí àìsàn tuntun bá jẹ́ 40, ohun tí yóò jẹ nínú 10 náà kò ju 4 lọ. Àpapọ̀ di 94, wọ́n á sì gé e wálẹ̀ sí 90. Àfi kó jẹ́ 50, kí àpapọ̀ di 95, kí wọ́n tó sọ ọ́ di 100. Ọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti lọ, tí etí rẹ̀ ń hó yee, tí kì í rí oorun sùn, lè jókòó sórí 90 títí ayé, kí eyín rẹ̀ máa ká lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹnu lọ̀nà ọ̀fun. Púpọ̀ nínú oògùn ìrora àti oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí wọ́n ń fún àwọn ológun wọ̀nyí ló ń mú kí ẹnu gbẹ, ẹnu tó bá sì gbẹ, kòkòrò kì í pẹ́ jẹ eyín inú rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù ojú ogun kò tíì kúrò lára rẹ̀ lè máa payín keke lójú oorun títí eyín yóò fi sán. Àwọn tó jagun ní Vietnam ńkọ́? VA gbà pé Agent Orange, oògùn apagi tí wọ́n fọ́n sórí igbó ibẹ̀, jẹ mọ́ àtọ̀gbẹ tó ń bá wọn jà, ó sì ń sanwó ìrànwọ́ fún wọn lórí rẹ̀. Àtọ̀gbẹ ń ba èrìgì jẹ́, èrìgì tó bàjẹ́ náà kì í jẹ́ kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ gbọ́ràn. Síbẹ̀, wọ́n lè tọ́jú ṣúgà, kí wọ́n fi èrìgì sílẹ̀.

Èyí tó yà wá lẹ́nu jù ni pé VA fúnra rẹ̀ mọ̀. Bí aláìsàn kan bá ń lọ fún iṣẹ́ abẹ ọkàn, tí eyín tó ti rà sì lè ba iṣẹ́ náà jẹ́, òfin gbà kí wọ́n tọ́jú eyín ọ̀hún. Ṣé ó dìgbà tí a bá fẹ́ la àyà èèyàn kí eyín rẹ̀ tó di ara rẹ̀?

Owó ni àwọn tó ń ṣe àtakò ń tọ́ka sí, wọn kò sì purọ́. Èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́sàn-án ló forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú VA, ìtọ́jú eyín sì wọ́n. Ètò adójútòfò eyín tí VA gbé jáde ní 2014 dín owó kù díẹ̀ fún ẹni tó bá rà á, ṣùgbọ́n àpò ara rẹ̀ ni yóò ti rà á. Ní oṣù Kejì ọdún yẹn kan náà, àbá òfin ńlá tí sẹ́nétọ̀ Bernie Sanders gbé wá, tí ìtọ́jú eyín wà nínú rẹ̀, já sílẹ̀ ní ilé aṣòfin àgbà: 56 gbè é, 41 lòdì, 60 ni wọ́n nílò. Julia Brownley láti California náà ti gbé irú àbá bẹ́ẹ̀ wá ní ilé aṣojú-ṣòfin.

Bí gbogbo rẹ̀ kò bá ṣeé ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó gba 50 sókè. Àwọn yìí ni VA fi síwájú pátápátá nínú ìtọ́jú yòókù, wọn kì í sì í gba owó oògùn lọ́wọ́ wọn. Iléeṣẹ́ tó ti gbà pé wọ́n yẹ fún oògùn ọ̀fẹ́ kò ní àwíjàre kankan lórí eyín.

Ọ̀rọ̀ yìí wọnú ilé wa. Amẹ́ríkà gba ẹni tó ní green card, ìwé ìgbélùú, láyè láti wọṣẹ́ ológun, àwọn ọmọ Yorùbá sì wà lára àwọn tó ti gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀ di ọmọ onílùú. Kí ẹni tó bá fẹ́ kúrò nínú iṣẹ́ náà wo DD214, ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀, dáadáa. Ìlà kan wà níbẹ̀ tó ń béèrè bóyá wọ́n ti yẹ eyín rẹ̀ wò, tí wọ́n sì ti tọ́jú rẹ̀ tán láàrin 90 ọjọ́ kó tó kúrò. Bí wọ́n bá kọ “bẹ́ẹ̀ kọ́”, ó lè béèrè fún ìtọ́jú eyín ẹlẹ́ẹ̀kan lọ́dọ̀ VA láàrin 180 ọjọ́. Bí wọ́n bá kọ “bẹ́ẹ̀ ni”, ilẹ̀kùn yẹn ti tì. Bí dókítà eyín kankan kò bá fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀, kó ní kí wọ́n tún ìlà náà kọ kó tó fọwọ́ sí ìwé.