Ìbínú nìkan kò tó

Mo ka ìròyìn kan tí ẹni tó kọ ọ́ ti ní ìyà tó ń jẹ aráàlú Nàìjíríà ti pọ̀ débi pé wọn yóò dìde sí ìjọba láìpẹ́. Pé inú ń bí wa kì í ṣe irọ́: láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, àwọn obìnrin tó ń kó iṣu wá sí ọjà Kàbà ń ráhùn pé owó ọkọ̀ ti jẹ èrè tán kí àwọn tó tú ẹrù. Ṣùgbọ́n ìbínú kì í di ìdìde àfi bí àwọn tí inú ń bí bá mọ ohun kan pàtó tí wọ́n ń béèrè. Àwọn Àgbẹ́kọ̀yà, àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá tó dìde sí ìjọba ní ọdún 1968, mọ̀ pé owó orí ló ń ni àwọn lára, ìjọba sì dín in kù nígbẹ̀yìn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2012, aráàlú wọ́de lórí owó epo, lítà epo tí wọ́n gbé dé náírà 141 sì padà sí 97. Ìwọ́de oṣù Kẹjọ ọdún 2024 ńkọ́? Ìbéèrè pọ̀ lọ súà, láti orí epo dé orí ìwé òfin, ìjọba kò sì rí èyí tó di dandan fún un láti dáhùn. Ní ilẹ̀ Òkun níhìn-ín, ilẹ̀ àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí tí Kàbà wà, níbi tí ẹlòmíràn kò ti lè dá oko lọ nítorí ajínigbé, bí ìdìde kan bá máa ṣẹlẹ̀, mo rò pé ọ̀rọ̀ ààbò ni yóò fà á, kì í ṣe owó epo.