Ta Ni Ó Ní Kí Wọ́n Fi Afẹ́fẹ́ Fọganáísà Sínú Ṣọ́ọ̀kì?

Epo tún ti ń ro lára ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ọkọ̀ mi, ohun tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ máa fò nínú kòtò, bẹ́ẹ̀ kò tíì pẹ́ rárá tí mo gbà á lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ní àwọn ti tún un ṣe. N kò ní rọra sọ ọ̀rọ̀ yìí mọ́. Gbogbo ẹni tí ó ń wa píkọ́ọ̀pù lọ sí oko ní agbègbè Ìgbájà, Òró-Àgọ́ tàbí Ọ̀mù-Àrán ni ó mọ ohun tí ojú wa ń rí lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì tí a ń kó owó fún ní Ìlọrin nítorí ṣọ́ọ̀kì. Ẹni tí wọ́n bá ti sọ fún rí pé, "Àlàájì, ẹ fọkàn balẹ̀, iṣẹ́ wa nìyẹn," ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ.

Tacoma, píkọ́ọ̀pù Toyota, tòkunbọ̀ ti ọdún 2017 ni ọkọ̀ mi, irú èyí tí wọ́n ń pè ní TRD Pro, tí ṣọ́ọ̀kì Fox ti wà lábẹ́ rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti tò ó. Ṣọ́ọ̀kì tí ó wà lábẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ tí a ń wa kiri jẹ́ èyí tí wọ́n ti dé pa, tí ó jẹ́ pé bí ó bá ti bàjẹ́, àfi kí a ra òmíràn. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé tú. A lè yọ síìlì rẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí epo jò, kí a da epo rẹ̀ nù, kí a sì pààrọ̀ àwọn wọ́ṣà pẹlẹbẹ tí ó wà lórí písítìnì rẹ̀, kí ó lè kápá ìfò ọkọ̀ nígbà tí ẹrù bá pọ̀ lẹ́yìn. Ìdí nìyí tí mo fi bẹ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ó wà ní Amẹ́ríkà pé kí ó bá mi ra síìlì, ojúlówó epo ṣọ́ọ̀kì, àti àwọn wọ́ṣà tí ó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Dọ́là ni a fi rà wọ́n. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí dọ́là ń ṣe fún wa.

Mo kó gbogbo rẹ̀ lé ọ̀gá mẹkáníìkì kan lọ́wọ́, mo sì ṣàlàyé fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí ó má ṣe da epo mìíràn sí i. Mo ní náítírójìn ni kí ó fi sínú ìgò kékeré tí ó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀kì náà, kí agbára rẹ̀ sì tó 200 psi (ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe le tó), nítorí pé gáàsì yẹn ni ó ń ti epo inú rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí kò fi ní máa hó ìfófòó nígbà tí písítìnì bá ń lọ tí ó ń bọ̀ nínú rẹ̀. Ó ní òun mọ̀ ọ́n. Ó ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni òun ń ṣe fún àwọn ọkọ̀ ìjọba. Mo san owó rẹ̀ láìdín kọ́bọ̀, mo sì bu fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú.

Ìgbà tí a kó àpò ajílẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ ni àṣírí tú. Bí a ṣe yà kúrò lójú títì sí ọ̀nà oko, ìdí ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fò bí ẹṣin tí oyin ta. Kòtò kan ṣoṣo ni yóò kó sí, yóò sì máa fò sókè, yóò máa bọ̀ nílẹ̀, láìdúró, títí a ó fi kó sí òmíràn. Níbi ìgun kan tí òkúta kún, ẹ̀yìn ọkọ̀ gbá sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọmọkùnrin tí ó jókòó lórí ẹrù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ sínú igbó. Ọmọ ọlọ́mọ! Bí ó bá já bọ́ ńkọ́? Ta ni yóò bá mi dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀? Mo bọ́ sílẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, epo ti bo ṣọ́ọ̀kì apá ọ̀tún láti òkè dé ìsàlẹ̀, eruku sì ti lẹ̀ mọ́ ọn pátápátá.

Mo pe ọ̀gá mẹkáníìkì náà lórí fóònù, ohun tí ó sì kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé, "Àlàájì, ọ̀nà yín ni kò dára."

Ọ̀nà wa ni kò dára! Kí ni wọ́n tilẹ̀ ń fi ṣọ́ọ̀kì ṣe, bí kì í bá ṣe nítorí ọ̀nà tí kò dára? Bí gbogbo ọ̀nà oko bá tẹ́jú pẹrẹsẹ, ṣé mo máa ná owó sórí wọ́ṣà ni?

Mo gbé e padà fún wọn, mo sì dúró lé wọn lórí títí wọ́n fi tú u níṣojú mi. Epo tí ó jáde pupa, epo jíà ni, ó sì ti hó funfun nítorí omi tí ó pò mọ́ ọn. Ibi tí ó yẹ kí gáàsì máa gbà wọlé, fáàfù táyà ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni ó sọ òótọ́ fún mi pé ọ̀dọ̀ fọganáísà tí ó wà lẹ́bàá títì ni wọ́n gbé e lọ láti fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Nígbà tí mo figbe ta, ọ̀gá rẹ̀ dá mi lóhùn pé náítírójìn náà ni afẹ́fẹ́, wọ́n kọ́ òun bẹ́ẹ̀ ní ilé ìwé. Mo mọ̀ pé nǹkan bí ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ ni náítírójìn. Ìyókù ńkọ́? Omi tí ó máa ń wà nísàlẹ̀ táǹkì fọganáísà ńkọ́, tí ó ń ṣàn jáde nígbàkígbà tí wọ́n bá ṣí i? Omi yẹn ni ó wọ inú ṣọ́ọ̀kì mi, tí yóò máa fa ìpẹtà, tí ooru yóò sì máa yí agbára rẹ̀ padà. Èwo sì ni nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà okada ni ó lè gbé afẹ́fẹ́ dé 200 psi?

Ti afẹ́fẹ́ tilẹ̀ kéré. Ti wọ́ṣà ni ó dùn mí jù. Títò ni wọ́n ń to wọ́ṣà wọ̀nyẹn lérí ara wọn, fífẹ̀ ṣáájú, kékeré tẹ̀lé e, nítorí pé bí wọ́n bá ṣe ń tẹ̀ ni epo ṣe ń rí ọ̀nà kọjá. Wọ́ṣà tí ó bá nípọn ìlọ́po méjì máa ń le tó ìlọ́po mẹ́jọ, nítorí náà ẹni tí ó bá ṣi ẹyọ kan tò ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Àwọn ènìyàn yìí da wọ́ṣà tuntun àti ti àtijọ́ pọ̀, wọ́n jẹ́ kí wọ́n fọ́n ká sínú iyanrìn, wọ́n sì tò wọ́n bí ọwọ́ wọn ṣe bà wọ́n. Síìlì tuntun tí mo fún wọn ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀ lórí tábìlì. Epo tí a fi dọ́là rà ni ẹnikẹ́ni kò lè sọ ibi tí ó gbà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n lọ ra òmíràn lọ́jà. Ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n kùn ní ọ̀dà dúdú lánàá ni wọ́n ń tà fún wa gẹ́gẹ́ bí tuntun lónìí. Àwọn kan yóò ní kí ẹ fi irin gbé ìdí ọkọ̀ sókè, wọn kò sì ní sọ fún yín pé ṣọ́ọ̀kì tí ó wà níbẹ̀ ti kúrú jù, pé òun ni yóò máa dá irin tí ó gbé táyà dúró nígbàkígbà tí táyà bá rọ̀ sílẹ̀, títí síìlì rẹ̀ yóò fi ya. Àwọn jórinjórin náà ń lu ihò sí ara ṣọ́ọ̀kì Hilux, wọ́n ń da ògbólógbòó epo ẹ́ńjìnnì sí i, wọ́n sì ń jó o pa, láìbìkítà pé gáàsì lè wà nínú ohun tí wọ́n ń gbé iná sí. Ojú àti ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ ni wọ́n fi ń ṣeré yẹn.

Ṣé ó ṣòro tó bẹ́ẹ̀ láti sọ pé "N kò mọ̀ ọ́n ṣe"? Ìbá dùn mọ́ mi nínú. Ǹ bá gbé ṣọ́ọ̀kì mi lọ sí ibòmíràn pẹ̀lú ohun èlò mi ní pípé.

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí kò bá ní sílíńdà náítírójìn àti ohun tí a fi ń wọn agbára rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi sípánà kan irú ṣọ́ọ̀kì bẹ́ẹ̀ mọ́ ní gbogbo Ìlọrin, ì báà jẹ́ ọkọ̀ ìjọba ni ó ń tún ṣe láti àárọ̀. Kí ọ̀gá yẹn sì wá gbogbo wọ́ṣà mi jáde nínú iyanrìn, kí ó nù wọ́n, kí ó tò wọ́n bí wọ́n ṣe wà nígbà tí mo kó wọn lé e lọ́wọ́, kí ó sì gbé wọn wá fún mi ní oko.