Másítà ìmọ̀ ẹ̀rọ kì í ṣe iṣẹ́ ọdún kan
Ẹ̀yin àbúrò mi ní Kétu, wọ́n ń fi ohùn kan ráńṣẹ́ káàkiri lórí WhatsApp pé ẹni tó bá ti gba lísáǹsì ìmọ̀ ẹ̀rọ, ìyẹn oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, ọdún kan péré ló kù kó gba másítà, kò sì ní kọ ìwé ìwádìí. Irọ́ ni. Nínú ètò LMD (lísáǹsì, másítà, dọ́kítà) tí à ń lò ní yunifásítì ní Bẹ̀nẹ̀, lísáǹsì jẹ́ 180 kírédì, ìyẹn òṣùwọ̀n iṣẹ́ ẹ̀kọ́, ọdún 3. Másítà jẹ́ 120 mìíràn, sáà 4, ọdún 2 gbáko. Ẹ ó kọ ìwé ìwádìí, ẹ ó sì dúró ṣàlàyé rẹ̀ níwájú àwọn olùkọ́. Ó dùn mí pé owó ọdún kan ṣoṣo ni àwọn òbí kan ń tọ́jú. Ẹ tètè wá olùkọ́ tí yóò tọ́ yín sọ́nà, kó tó di sáà kẹrin.