Ẹ̀bìtì ló tọ́ sí wọn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnì kan sọ fún mi lánàá pé ìwà ìkà ni kéèyàn máa dẹ ẹ̀bìtì sílẹ̀ fáwọn onísípáàmù, àwọn tó ń da méèlì téèyàn ò béèrè boni, pé kí n ṣáà máa dìlíìtì méèlì wọn. Dìlíìtì kẹ̀? Èmi tí mò ń ta gàrí ní Òkè-Ajé, tí mo kọ àdírẹ́ẹ̀sì ímeèlì kan ṣoṣo sára báàgì, kí ilẹ̀ tó mọ́ méèlì ti kún ibẹ̀ bámú, ọmọ ọba kan ní òun fẹ́ fún mi lówó, òmíì ń ta oògùn ọkùnrin, fún èmi obìnrin! Bill Gates sọ ní 2004 pé ọdún méjì péré, ọ̀rọ̀ sípáàmù á ti yanjú. Ó ti lé lógún ọdún o.

Àbúrò mi tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ló là mí lójú. Ó gbé sáfà kan kalẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gba méèlì, àmọ́ tiẹ̀ yìí kì í jíṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni, ó kàn lúgọ síbẹ̀ ni. Ẹyìn tó fi dẹ ẹ̀bìtì náà ni àdírẹ́ẹ̀sì kan tó fi pa mọ́ sínú wẹ́bùsáìtì wa, ojú èèyàn ò lè rí i, àwọn róbọ́ọ̀tì tó ń ṣa àdírẹ́ẹ̀sì kiri nìkan ló ń rí i. A ò fún ẹnikẹ́ni, torí náà ẹni tó bá kọ̀wé sí i, olè ni. Àwọn kan tó ń ṣọ́ àwọn onísípáàmù, tí wọ́n ń pè ní Project Honey Pot, ti ń ṣe irú ẹ̀ láti 2004. Èyí tó wá dùn mọ́ mi jù ni spamd, ètò kọ̀ǹpútà kan tàwọn tó ń ṣe OpenBSD: tí onísípáàmù bá kanlẹ̀kùn, á ní kó wọlé, á wá máa dá a lóhùn ní álífábẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀kan, bí akọ̀wé ìjọba tó ń wá fáìlì ẹni. A jọ ń wò ó lórí skríìnì, ọ̀kan há síbẹ̀ látìgbà tá a ti ń ro ẹ̀bà títí tá a fi ṣanwọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi.

Àmọ́ ṣá. Nígbà tí Ojúde Ọba tó kọjá ku díẹ̀, regbẹ́regbẹ́ wa fẹ́ fi àwọ̀ aṣọ ránṣẹ́ sáwọn tó wà lókè òkun, akọ̀wé wa bá lọ ṣa àdírẹ́ẹ̀sì lórí íntánẹ́ẹ̀tì kún tiwa, ó ní ọmọ Ìjẹ̀bú ṣáà ni gbogbo wọn. Ọ̀kan nínú ẹ̀, ẹ̀bìtì táwọn ẹlòmíì dẹ ni! Wọ́n bá kọ orúkọ sáfà tí regbẹ́regbẹ́ wa fi ń ránṣẹ́ mọ́ ti onísípáàmù, méèlì wa ò dé ọ̀dọ̀ ẹnì kankan mọ́. Ẹ̀gbọ́n wa kan ti Lọ́ńdọ̀n dé, wọ́n wọ búlúù, gbogbo wa wọ pupa rẹ́súrẹ́sú, wọ́n dá dúró láàárín wa bí àlejò. Wọ́n bi mí pé, "Ṣé olè lèmi náà ni?"

Mo ṣì ní kí wọ́n máa dẹ ẹ́ o. Mo kàn bi àbúrò mi pé ṣé ẹ̀bìtì tiwa náà ò tíì mú irú akọ̀wé wa bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní òun kì í wo orúkọ.