Iye Tó Wà Lára Ọjà Ni Kí Wọ́n Gbà

Náírà 4,850 ni wọ́n kọ sí abẹ́ agolo mílíìkì náà. Bébà pélébé kan ni, wọ́n fi ṣẹ́lítéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí pákó. Obìnrin náà gbé agolo kan, ó kó o mọ́ búrẹ́dì àti ọṣẹ, ó lọ tò sórí ìlà. Nígbà tó kàn án, ẹ̀rọ dún, 5,600 ló yọ. Ọmọbìnrin tó ń gbowó kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Ẹ má bínú, mà, wọ́n ti fowó lé e. Táàgì ẹ̀ ni a ò tíì yí.” Àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń pòṣé. Obìnrin náà sanwó, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀kan nínú wa níbi iṣẹ́ yìí ni, Ìbàdàn níbí ló sì ti ṣẹlẹ̀. A ò ní dárúkọ ilé ìtajà náà, torí wọ́n pọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí òfin ti dá ẹjọ́ yìí. Abala 115 nínú òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, sọ pé ẹni tó bá pàtẹ ọjà gbọ́dọ̀ kọ iye rẹ̀ síbi tí oníbàárà ti máa rí i, kò sì gbọdọ̀ gbà ju iye tó kọ lọ. Bó bá kọ iye méjì, èyí tó kéré ni ká san. Owó mílíìkì yẹn kò gbọdọ̀ kọjá 4,850.

Àwọn ọlọ́jà máa ń sọ pé ọwọ́n gógó ló fà á, pé iye tí àwọn ra ọjà lánàá kọ́ ni àwọn ń rà á lónìí. A gbà, àwa náà ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Kọ̀ǹpútà kì í fúnra rẹ̀ fowó lé ọjà. Ẹnì kan ló jókòó tẹ 5,600 sínú rẹ̀, kí ló dè é tí kò lè rìn dé ibi pákó? Ẹ sì tún rò ó wò: ọjọ́ wo lẹ dé káúńtà tí ẹ̀rọ pe iye tó kéré sí ti ara pákó? Ìgbàgbé wo ló máa ń jẹ́ pé àpò ọlọ́jà nìkan ló ń kún?

Ìyá aláta ní Bódìjà kò kọ iye sára ata rẹ̀. Ẹ ó jọ ná an, ẹ ó ní kó dín in, ó ní kò gbà, ẹ ó ṣe bí ẹni ń lọ, ó pè yín padà. Iye tí ẹ bá fẹnu kò sí ni yóò gbà, yóò tún fi ènì sí i. (A mọ̀ pé àwọn kan ń tẹ ìdí kọ́ńgò wọnú, ọjọ́ mìíràn la máa dá ti ìyẹn.) Kò sáàyè ìnájà ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọlọ́jà bá wa sọ níbẹ̀ kò ju bébà tó lẹ̀ mọ́ pákó lọ. Bí bébà bá parọ́, ta la fẹ́ bá ná an?

Ilé oúnjẹ ní Èkó tún ní ọgbọ́n tiwọn. Wọ́n kọ 10,000 sí iwájú oúnjẹ, wọ́n wá fi lẹ́tà tó rí bí ẹsẹ̀ èèrà kọ ìyókù sí ìsàlẹ̀. Nígbà tí owó VAT 750 bá dé, tí owó orí 5% ti ìpínlẹ̀ Èkó mú 500, tí ilé oúnjẹ fi 1,000 ti sáfíìsì sí i, ó di 12,250. A ò ní kí wọ́n má san owó orí. Kí wọ́n kọ 12,250 síbẹ̀ látòkè ni, kí ẹni tí àpò rẹ̀ kò bá gbé e tètè jókòó sílé.

Owó ilé ló wá burú jù. Ééjẹ́ǹtì á ní ilé wà ní 600,000. Ẹ san owó fọ́ọ̀mù 10,000 kí ó tó mú yín dé ibẹ̀. Ilé wù yín. Ìgbà yẹn ni kọmíṣọ̀n 60,000 á yọjú, àgírímẹ́ǹtì 60,000, “caution”, ìyẹn owó tí wọ́n ń dì mú nítorí ohun tó bá bàjẹ́, 100,000. Ilé 600,000 ti di 830,000, ẹ sì ti sọ fún onílé àtijọ́ pé ẹ ń kó lọ.

Àjọ FCCPC, tó ń bójú tó ìdíje àti ààbò oníbàárà, ni ìjọba àpapọ̀ fi ṣọ́ òfin ọdún 2018 yẹn. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, wọ́n ti ilé ìtajà ńlá kan pa ní Garki, Abuja, torí pé iye ara pákó yàtọ̀ sí ti káúńtà. Ariwo ta, fọ́nrán rẹ̀ káàkiri, kò sì pẹ́ tí wọ́n ṣí i padà. A kí wọn fún ìyẹn, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí wọ́n tì ní Abuja kò yí táàgì kankan padà ní Ìbàdàn.

Kì í kúkú ṣe pé ohun tí a ń béèrè ṣòro. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2025, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí ọlọ́jà fi owó tó pọn dandan kún iye tó kọ́kọ́ pè. Oṣù Karùn-ún ọdún kan náà ni Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ lórí tíkẹ́ẹ̀tì eré àti owó òtẹ́ẹ̀lì. Nílé níbí pàápàá, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ gbà kí ATM tí kò sí nínú ọgbà báńkì máa gba owó lé tó tó 500 náírà, wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ hàn sí oníbàárà níbi tó ti ń gbowó. Bí ATM bá lè sọ tẹnu rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọmọ ènìyàn náà lè sọ ọ́.

Ohun tí a fẹ́ kí FCCPC ṣe kò gba mọ́tò ọlọ́pàá. Kí wọ́n rán àgùnbánirọ̀ méjì pẹ̀lú bírò àti ìwé lọ sí àwọn ilé ìtajà ńlá lóṣooṣù, láìránṣẹ́ ṣáájú, kí wọ́n ra ọjà mẹ́wàá, kí wọ́n fi rìsíìtì wé ara pákó, kí wọ́n sì gbé orúkọ ẹni tó bá kùnà jáde. Kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan pàṣẹ fún ééjẹ́ǹtì pé àròpọ̀ owó ni kí ó kọ sára pátákó àti sórí fóònù. Ọ̀pọ̀ káúńtà sì ti ní àkọlé ńlá kan tó ń sọ pé bí owó bá ti wọlé, kò ní jáde mọ́. Kí àjọ náà jẹ́ kí wọ́n lẹ òmíràn mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà tó tóbi bíi tirẹ̀: “Iye tó wà lára pákó la máa gbà. Bí a bá gbà jù bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà tí ẹ máa pè rèé.”