Wọ́n ní Amẹ́ríkà ò ràn wá lọ́wọ́ lórí Boko Haram. Kò rí bẹ́ẹ̀

Kò sí ibi tí mo dé tí mi ò gbọ́ ọ: nídìí ìwé ìròyìn, nínú dánfó, lórí WhatsApp ẹbí. “Ká ní Amẹ́ríkà fẹ́ ni, Boko Haram ì bá ti di ìtàn láti 2014. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi wá sílẹ̀ ni.” Ẹlòmíì á tún fi kún un pé wọ́n ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé Nàìjíríà á túká ní 2015, ogun yẹn ni wọ́n sì fẹ́ fi tú u.

Èmi náà gbà á gbọ́ fún ọdún púpọ̀, mo sì bá èèyàn jiyàn lé e lórí. Ìgbà tí mo wá jókòó, tí mo ń to ọjọ́ àti ọdún pọ̀, ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ò dúró.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ibi tí òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ní 2014, ìjọba Nàìjíríà fẹ́ ra ẹlikópítà ogun tí wọ́n ń pè ní Cobra lọ́wọ́ Ísírẹ́lì. Amẹ́ríkà ló ṣe ẹlikópítà yìí, ẹni tó bá sì rà á lọ́wọ́ wọn ò gbọ́dọ̀ tún un tà láìgba àṣẹ. Amẹ́ríkà ò fún Ísírẹ́lì láṣẹ. Aṣojú wa ní Washington nígbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adebowale Adefuye, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, fi ìbínú sọ̀rọ̀ síta ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn. Ó ní irú ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n ń ṣe fún wa, ẹ̀ṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ la lè fi gbá ọ̀tá, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀ṣẹ́ tí ọ̀tá ò ní lè dìde mọ́ la nílò.

Ẹ tún ọ̀rọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n náà gbọ́ dáadáa. Kò sọ pé ọwọ́ òfìfo ni wọ́n nà sí wa. Ohun tó ní ni pé èyí tí wọ́n fún wa kò tó. Àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ náà kiri ló sọ “kò tó” di “kò sí”.

Lọ́sẹ̀ kan náà, Jen Psaki, agbẹnusọ iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà, sọ ìdí méjì tí wọn ò fi gbà. Ọkàn wọn ò balẹ̀ pé a ó lè lo irú ẹlikópítà bẹ́ẹ̀ kí a sì tọ́jú rẹ̀. Ọkàn wọn ò sì balẹ̀ lórí ààbò àwọn aráàlú tí kì í ṣe jagunjagun. Kí oṣù tó tẹ̀ lé e tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, àwa fúnra wa la ní kí wọ́n dá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ ogun wa dúró.

Ìdí àkọ́kọ́ yẹn ni àwa tí kò ṣe ológun rí máa ń fò kọjá. Bàbá mi kékeré wa ọkọ̀ àwọn ológun títí ó fi fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ tí mo bi wọ́n nípa Cobra, wọn ò tiẹ̀ mẹ́nu ba ìbọn. Wọ́n gbé ife tíì wọn sí àárín tábìlì, wọ́n ní, “Ẹlikópítà rèé.” Wọ́n wá kó ìdérí ìgò mínírà jọ, wọ́n ń tò ó yí ife ká lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí ni epo bàálù, èyí ni táńkà tó máa gbé epo náà dé Maiduguri, èyí ni àwọn sójà tó máa sin táńkà kí wọ́n má bàa dáná sun ún lójú ọ̀nà, èyí ni ẹnjiníà, èyí ni irin tó máa ń jẹ tí a gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀, èyí ni ibi tí irin náà ti ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa tò ó tán, agbára káká la fi ń rí ife mọ́. Wọ́n ní, “Ife ni gbogbo yín ń bèèrè. Ta ló ń bèèrè ìdérí?”

Ìdí kejì le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì dùn mí láti sọ. Láti 1997 ni òfin kan ti wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi orúkọ Sẹ́nétọ̀ Patrick Leahy pè: ẹ̀ka ọmọ ogun tí ẹ̀rí tó ṣeé gbára lé bá wà pé ó pa èèyàn nípakúpa tàbí pé ó dá wọn lóró, wọn ò gbọ́dọ̀ fi owó wọn ràn án lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2014, Boko Haram ya wọ bárékè Giwa ní Maiduguri, wọ́n sì tú àwọn tó wà ní àtìmọ́lé sílẹ̀. Amnesty International ní àwọn sójà tún mú ju 600 nínú àwọn tó sá jáde yìí, wọ́n sì pa wọ́n, láìsí ohun ìjà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ lè kórìíra òfin Leahy. Èmi náà rò pé ìgbà mìíì wà tó máa ń fìyà ẹni tó ṣẹ̀ jẹ ẹni tí kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n a ò lè sọ pé wọ́n kàn kórìíra wa ni, ká wá ṣe bí ẹni pé Giwa ò ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá ka ohun tó dé. Ní oṣù karùn-ún 2014, oṣù kan péré lẹ́yìn tí wọ́n kó àwọn ọmọbìnrin Chibok lọ, Amẹ́ríkà fi ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n ń pè ní Gallatin fún Nàìjíríà. Òun la ń pè ní NNS Okpabana lónìí. Òótọ́ ni pé ọkọ̀ ojú omi ò lè wọ Sambisa, igbó tí Boko Haram fi ṣe ibùba, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ kí o rì kì í fún ọ ní ọkọ̀. Ní oṣù yẹn kan náà, wọ́n rán nǹkan bí 80 ọmọ ogun lọ sí Chad láti máa fi bàálù tí kò ní awakọ̀ wá àwọn ọmọ náà. Ìlú ọba náà rán bàálù tó ń ya àwòrán ilẹ̀ láti òkè wá. Ní oṣù kẹwàá 2015, Obama sọ pé òun ń rán sójà tó tó 300 lọ sí Cameroon, Garoua ni wọ́n sì fìdí kalẹ̀ sí, fún iṣẹ́ wíwo ilẹ̀ láti òfurufú. Ní oṣù kìíní 2016, ọkọ̀ 24 tí bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀ kì í tètè fọ́ dé, ọ̀fẹ́ ni, iye wọn sì tó mílíọ̀nù 11 dọ́là.

Kì í sì í ṣe Amẹ́ríkà nìkan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2015, lásìkò tí wọ́n sún ìbò síwájú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àwọn ọmọ South Africa tó ti ṣiṣẹ́ ogun rí, lábẹ́ iléeṣẹ́ Eeben Barlow, wà ní Borno tí ìjọba wa háyà wọn, tí wọ́n ń kọ́ àwọn sójà wa tí wọ́n sì ń bá wọn jáde. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn, ọmọ ogun Chad àti ti Niger gba Damasak padà lọ́wọ́ Boko Haram lórí ilẹ̀ wa níbí.

Ní ti pé wọ́n ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé a ó túká ní 2015: ìwé kan wà lóòótọ́, tí ìgbìmọ̀ aṣèwádìí ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2005. Àwọn onímọ̀ jókòó, wọ́n ń ronú lórí ohun tó lè dé bá ilẹ̀ Áfíríkà láàárín ọdún 15, wọ́n sì ka ìdàrúdàpọ̀ Nàìjíríà mọ́ àwọn ewu tó ṣeé ṣe. Kò sí ibi tó ti sọ pé ọdún 2015 la máa túká. Ọdún 15 láti 2005, 2020 ló bọ́ sí.

Bàálù Super Tucano wá ńkọ́, tí gbogbo wa gbójú lé? Àwa la fi owó ara wa rà á lọ́wọ́ Amẹ́ríkà, méjìlá, ó súnmọ́ mílíọ̀nù 500 dọ́là. Ètò náà ń lọ lọ́wọ́ nígbà tó di ọjọ́ 17 oṣù kìíní 2017, tí bàálù ogun wa ju bọ́ǹbù sí ibùdó àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Rann, níbi tí àwọn ará Red Cross ti ń pín oúnjẹ. Mẹ́fà nínú àwọn Red Cross yìí kú pẹ̀lú àwọn ìyá àtọmọ tó tò síbẹ̀. Àwọn ológun ní àṣìṣe ni. Ìjọba Obama dá ọ̀rọ̀ náà dúró nígbà tó kù díẹ̀ kó kúrò lórí oyè, ti Trump sì fọwọ́ sí i ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Oṣù keje 2021 ni mẹ́fà àkọ́kọ́ balẹ̀ sí Kano.

Oṣù méjì ṣáájú ìyẹn ni Shekau, olórí Boko Haram, kú. Inú Sambisa ló kú sí, nígbà tí àwọn ISWAP, ẹgbẹ́ tó ya kúrò lára Boko Haram, gbógun tì í. Super Tucano dé bá ogun tó ti yí àwọ̀ padà, ogun náà ò sì parí bí wọ́n ṣe dé.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó wọ́n wa ní 2014 yẹn, ẹ lọ bi àwọn sójà. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, ilé ẹjọ́ ológun ní Abuja dá ẹjọ́ ikú fún sójà 54 torí pé wọ́n kọ̀ láti lọ jà. Femi Falana tó gbẹjọ́ wọn rò ní wọn ò fún wọn ní ohun ìjà tó yẹ. Lẹ́yìn ọdún kan ni wọ́n tó sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ní oṣù kẹsàn-án 2014 kan náà, bàálù kan gbéra ní Abuja, ó balẹ̀ sí Lanseria ní South Africa, dọ́là tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́sàn-án sì wà nínú àpótí. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé e. Ìjọba wa ní owó ohun ìjà ni. Owó beba nínú àpótí, fún ìjọba tó ní báńkì àpapọ̀! Èmi ò lè kọjá lórí ọ̀rọ̀ yìí láìbínú, torí ọmọ ẹni tó wà lójú ogun ní Bulabulin, ní Borno, láìní ọta ìbọn ni mo máa ń rò.

Igi kan wà nínú Sambisa, igi ńlá kan báyìí. Andrew Pocock tó jẹ́ aṣojú Ìlú ọba ní Nàìjíríà nígbà náà sọ lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì pé oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n jí àwọn ọmọ Chibok kó, ojú Amẹ́ríkà láti òkè rí àwọn ọmọbìnrin tó tó 80 lábẹ́ igi yìí, pẹ̀lú ipa táyà ọkọ̀ àti àgọ́ ńlá. Wọ́n rí wọn. Àmọ́ ẹni tó bá gba orí ilẹ̀ lọ, wọ́n á ti rí i láti ibùsọ̀ púpọ̀, wọ́n á sì ti pa àwọn ọmọ náà kó tó dé. Àwòrán tó wá láti òkè ò ní ẹsẹ̀ tó lè gbé e dé ìdí igi náà.

Àwọn ọmọ 21 tó jáde ní 2016, àti 82 tó tẹ̀ lé wọn ní oṣù karùn-ún 2017, ìjíròrò ló mú wọn wálé. Switzerland àti Red Cross ló wà láàárín, a sì dá àwọn ọ̀gá Boko Haram kan padà fún wọn. Àwọn 82 yẹn, ìtòsí Banki, lẹ́bàá ààlà Cameroon, ni wọ́n ti gbà wọ́n.